Kànga Arágbádá àti Omi Tó Ń Rìn

Tinúadé ló ń bójú tó ẹ̀rọ olóòfà ní ilé àyẹ̀wò omi. Bí wọ́n bá gbé ìgò omi sínú ẹ̀rọ náà, yóò ta omi jí, omi yóò sì dáhùn bí agogo tí a lù. Ẹ̀rọ yóò máa pè é lápètúnpè, yóò sì máa fetí sí bí ohùn rẹ̀ ṣe ń rẹlẹ̀ títí yóò fi parẹ́. Ohùn omi tó mọ́ kì í tètè parẹ́. Omi tí irin ti yòrò sínú rẹ̀ ni kì í pẹ́ dákẹ́.

Ní ọdún tí wọ́n gbẹ́ kànga tuntun sí abúlé Arágbádá, Ìyá Sàlámọ̀, olórí àwọn obìnrin ibẹ̀, gbé omi kànga náà wá fún àyẹ̀wò. Odò tí màlúù ń wọ̀ ni wọ́n ti ń pọnmi tẹ́lẹ̀, inú rírun kò sì yéé dá àwọn ọmọ wọn dùbúlẹ̀. Tinúadé gbé omi náà sẹ́nu ẹ̀rọ, ohùn rẹ̀ sì kú kíá.

Dókítà Fágbèmí, ọ̀gá ilé àyẹ̀wò, kò tilẹ̀ jókòó kó tó pàṣẹ. "Irin ló kún inú rẹ̀. Kọ ìwé, Tinúadé. Kí wọ́n dí kànga náà."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n tún un wò. Omi yìí kò pọ́n, kò sì rùn."

"Ṣé ojú rẹ ló wá di ẹ̀rọ báyìí?"

Ìyá Sàlámọ̀ gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ní ká padà sódò, àbí? Ẹ̀yin tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀, omi wo lẹ mu láàárọ̀ yìí?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Tinúadé lọ́kàn. Ó mú omi bátìrì, èyí tí kò ní irin tàbí ohunkóhun mìíràn nínú, ó gbé e sínú ẹ̀rọ. Òun náà kú kíá.

"Ṣé irin wà nínú eléyìí náà, sà?"

Dókítà Fágbèmí fúnra rẹ̀ ló ti fa àlàfo àárín ìpè kan sí èkejì gùn, kí ẹ̀rọ má baà máa gbóná.

"Agbára òòfà yìí kò dọ́gba, sà," Tinúadé wí. "Ó le lápá kan, ó dẹ̀ lápá kejì. Bí ìgò bá tilẹ̀ dúró sójú kan, àwọn horo omi tí ojú ò lè rí kì í dúró. Bí ẹ bá pè wọ́n tí ẹ pẹ́ kí ẹ tó tún pè, wọ́n ti rìn kúrò níbi tí wọ́n wà. Ohùn wọn á dàrú mọ́ra, ẹ̀rọ á sì ní ó ti kú."

Ó dín àlàfo náà kù, ìpè wá ń tẹ̀ lé ìpè kíákíá. Ohùn omi bátìrì pẹ́ kó tó parẹ́. Ti Arágbádá pẹ́ bákan náà.

"Kànga méjì la ti dí ní abúlé mìíràn lọ́dún yìí, sà. Ẹ̀rọ kan náà ló dá wọn lẹ́bi."

Dókítà Fágbèmí bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Tinúadé kọ ìwé, àmọ́ kì í ṣe èyí tí ọ̀gá pàṣẹ: kí wọ́n ṣí kànga méjèèjì tí wọ́n ti dí, kí wọ́n má sì ṣe dí ti Arágbádá. Ó gbé e síwájú ọ̀gá, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ọkùnrin náà fi buwọ́ lù ú.

Ìyá Sàlámọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ó di àsọtúnsọ lábúlé. Bí ẹnìkan bá wá ń kánjú dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́ ní Arágbádá, òwe tí àwọn àgbà fi ń bá a wí ni pé: ẹni tó rìn kò kú, ẹni tó ń pè é ló pẹ́ kó tó tún pè.