Kọ̀ǹpútà tí Fadérera Yàn fún Bàbá Rẹ̀

Ọ̀gá ilé-ìwé ni Bàbá Oyèníran kí ó tó fẹ̀yìn tì sí Ìgbájọ. Lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, títí tí kò fi ríran mọ́ rárá. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni láti kọ ìtàn bí òun àti ìyàwó òun ṣe pàdé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n bí ó bá mú bírò, ńṣe ni ìlà ń gun orí ara wọn. Ìka rẹ̀ ṣá mọ iṣẹ́ táíìpù dáadáa láti ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Fadérera, àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó ń gbé ní Òṣogbo, ló ra kọ̀ǹpútà fún un. Ó gbé e lọ bá Gbádébọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, pé kó bá òun fi ètò ìdarí sí i, ìyẹn ètò tó máa ń jí kọ̀ǹpútà, tó sì ń sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Oríṣiríṣi ló wà.

"Ṣé o ti bi Bàbá léèrè irú èyí tí wọ́n ń fẹ́?" ni Gbádébọ̀ wí.

"Kí ni Bàbá mọ̀ nípa ìyẹn? Èyí tí mò ń lò níbi iṣẹ́ ni kó o fi sí i. Òun ló rẹwà jù."

Ó rẹwà lóòótọ́. Nígbà tó gbé e dé Ìgbájọ, ńṣe ló ń ròyìn àwọ̀ rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ bí ẹni ń ròyìn ìyàwó tuntun. Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa ṣí ojú ìwé tí yóò máa kọ̀wé sí. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, ó ń súre.

Nígbà tí Fadérera tún padà wálé, ìró ìka lórí bọ́tìnnì ló kọ́kọ́ gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà.

"Wá ka ohun tí mo kọ nípa ìyá rẹ," ni Bàbá wí. "Láti àárọ̀ ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Mo ti dé ibi tí òjò ti lé àwa méjèèjì wọ abà kan náà."

Fadérera bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àpótí kékeré kan ló yọ sójú kọ̀ǹpútà, ó ń béèrè bóyá kí òun tún ara òun ṣe nísinsìnyí tàbí tó bá yá. Láti àárọ̀ ló ti ń dúró de èsì, kò sì jẹ́ kí ohun tí Bàbá ń tẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn àpótí náà, ojú ìwé funfun báláú. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo níbẹ̀. Fadérera ń tẹ bọ́tìnnì kiri, ó ń wá ìtàn náà.

"Kò sí níbẹ̀, àbí?" ni Bàbá béèrè jẹ́jẹ́.

"Kò sí níbẹ̀, Bàbá."

"Kò burú. Mo ṣì rántí ẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ò mọ ohun tí kọ̀ǹpútà náà ń ṣe?"

"Inú rẹ ń dùn bí o ṣe ń ròyìn ẹwà rẹ̀. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Fadérera mú Gbádébọ̀ dání wálé pẹ̀lú àwọn ètò mìíràn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìborùn rẹ̀ di ojú ara rẹ̀, ó sì jókòó ti bàbá rẹ̀. Bàbá gbọ́ bó ṣe fọwọ́ gbá ife omi dànù, ó bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n jí ètò kan, ó dákẹ́ bí òkúta. Wọ́n jí òmíràn, bó ṣe lajú báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ há bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, ó sì ń pe Oyèníran bí orúkọ ìlú òyìnbó, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà tí Bàbá tẹ̀ tí kò dárúkọ. Nígbà tí àpótí kan yọ, ó sọ pé àpótí yọ.

"Èyí ni mo fẹ́," ni Bàbá wí.

Fadérera tú ìborùn kúrò lójú. Àwọ̀ eérú ni ètò náà ní, gbogbo rẹ̀ rí ṣákálá. "Bàbá, kò mà rẹwà o."

"Lójú ta ni?"

Fadérera dìrọ̀ mọ́ èjìká bàbá rẹ̀, Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní agbo ilé wọn dòní, bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ìfẹ́ yan nǹkan fún ẹlòmíràn láì bi í, ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń mú òwe bọnu pé: a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè.