Omi Ìkòkò Ògúnṣakin

Ní ìlú Ìdóòsùn, láyé àwọn baba ńlá wa, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ògúnṣakin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti po ẹ̀tù, kí ó sì yin àgbá lọ́jọ́ ọdún ọba. Iṣẹ́ náà le. Èédú ń dí imú, imí-ọjọ́ ń ta ojú, díẹ̀ sì ni ẹni tó ń ṣe é tí ìka ọwọ́ rẹ̀ pé. Ti Ògúnṣakin pé pérépéré, nítorí ọmọ rẹ̀ ló ń bá a gún ẹ̀tù.

Ọdẹ́wùnmí ni ọmọ náà, ọmọbìnrin tó ti tó ilé ọkọ. Ìyá rẹ̀ ń ta iyọ̀, kò sì yé bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá òun pàtẹ.

"Irú iṣẹ́ wo nìyẹn, tó máa dún gbàmù tán, tí kò ní ku nǹkan kan bí kò ṣe èéfín?"

"Ìyá mi, iyọ̀ tiyín náà ń yọ́."

"Inú ọbẹ̀ ló ń yọ́ sí, wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Ta ló jẹ èéfín yó rí?"

Ọdẹ́wùnmí rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ kó èérún irin láti ilé alágbẹ̀dẹ, tó pò ó mọ́ ẹ̀tù, tí iná àgbá fi ń tú ká lójú ọ̀run bí ìràwọ̀. Àwọn ará ìlú sọ iná náà ní "Ìràwọ̀ Ògúnṣakin". Èyí dun ọmọ náà, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti ṣèlérí pé lọ́dún tó ń bọ̀, òun yóò fi í han ọba, ọmọ náà ni yóò sì yin àgbá. Ìlérí yìí ló gbójú lé.

Ọdún pé. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé àgbá sójúde ààfin, wọ́n sì gbé ìkòkò omi kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń fọwọ́ kan ẹ̀tù gbọ́dọ̀ di aṣọ rẹ̀ mọ́ra gírígírí, ṣùgbọ́n agbádá sányán tí ọba fún Ògúnṣakin ló gbé wọ̀ wá.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ agbádá yìí. Apá rẹ̀ ń gbálẹ̀."

"Ṣé ìhòòhò lo fẹ́ kí n wà níwájú Kábíyèsí?"

"Ẹ jẹ́ kí n yìn ín nígbà náà. Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí."

"Ṣé o ò rí àwọn àlejò ni? Gbé igbá ẹ̀tù dání, jàre. Ọdún mìíràn ń bọ̀."

Ọmọ náà gbé igbá. Bàbá rẹ̀ ki iná bọ ìdí àgbá, ó sì na ọwọ́ sókè kí gbogbo èrò lè rí i. Kò mọ̀ pé iná ti mú apá agbádá. Nígbà tó ta á lára, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú kiri, ó sì fi gbá igbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀tù bú gbàmù. Iná bo àwọn méjèèjì.

Ògúnṣakin fò mọ́ ìkòkò. Ó da omi sára láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì ń dà á lọ nígbà tí iná ara rẹ̀ ti kú tán, títí ìkòkò fi ṣófo. Ọmọ rẹ̀ ń yí nínú iyanrìn, ó ń ké, "Bàámi! Bàámi!" Ìyá rẹ̀ ló já wọ àárín, tó tú ìró ìdí rẹ̀, tó fi pa iná náà.

Ọdẹ́wùnmí kò kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kákò, kò lè di ọmọ odó mú mọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ yá díẹ̀, ó lọ sí ààfin.

"Kábíyèsí, n kò béèrè ohun ìní. Ẹ ní kí bàbá mi sọ níwájú ìlú pé èmi ni mo ṣe iná ìràwọ̀, àti pé omi ìkòkò náà tó èèyàn méjì."

Ọba yíjú sí Ògúnṣakin, tó jókòó láàárín àwọn ìjòyè. Bàbá náà wúkọ́.

"Kábíyèsí, ẹ̀yin náà bímọ. Bí iná bá ń jó yín, tó ń jó ọmọ yín, ti ta lẹ óò kọ́kọ́ gbọ̀n?"

Ìjòyè kan pàtẹ́wọ́. "Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn! Bí bàbá bá jóná tán, ta ni yóò gba ọmọ là?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́wùnmí dúró títí ẹ̀rín fi tán.

"Ó ti gbọn ti ara rẹ̀ tán," ló wí. "Ìgbà wo ló wá gbọn tèmi?"

 Ọba ní kí wọ́n fún Ògúnṣakin ní agbádá mìíràn, nítorí ti àkọ́kọ́ ti jóná.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́kùnrin kan lọ bi Ọdẹ́wùnmí bóyá iṣẹ́ ẹ̀tù tó ohun tí èèyàn ń fi ayé rẹ̀ kọ́.

"Iṣẹ́ náà dára," ló fèsì. "Mo ṣì ń lá a lálàá. Ṣùgbọ́n kó o tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tanná sí i, kọ́kọ́ mọ irú ẹni tó dúró ti omi."

Ìlú kò fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pa òwe. Ti ẹni tó da omi tán sára ni àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀, òun ni wọ́n sì ń pa lówe títí dòní pé: bí iná bá ń jó ni, tó ń jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n.