Málọmọ́ Tó Ń Fi Ẹ̀yìn Rìn Lọ Bá Ìyá Rẹ̀

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi kò bá ẹkùn, kò bá erin; orí igi ló gùn, ó bá Ọ̀bọ àti ọmọ rẹ̀."

Ní ìgbà kan rí, Ọ̀bọ bí àkọ́bí, idì gbé e lọ. Nígbà tó bí òmíràn, ó sọ ọ́ ní Málọmọ́.

Ó fẹ́ràn Málọmọ́. Á fún un lọ́mú, á máa tú irun rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí ewé bá mì lásán, àyà Ọ̀bọ á já, á fi eyín fa ọmọ náà títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Kò ní pẹ́, á tún gbé e mọ́ra, á máa kẹ́ ẹ.

"Ìyá àgbà, kí ni ọmọ náà ṣe?"

Kò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi.

Nígbà tó yá, bí ẹ̀rù bá ba Málọmọ́, kò mọ ibi tí yóò sá sí. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmú wà, ọ̀dọ̀ ìyá náà ni eyín wà. Ló bá ń fi ẹ̀yìn rìn lọ bá a. Bó bá dé àárín ọ̀nà, á dúró gbagidi.

Lọ́jọ́ kan, idì dé lóòótọ́. Àwọn ọmọ ọ̀bọ yòókù sá mọ́ ìyá wọn. Málọmọ́ sá díẹ̀, ó padà, ó dúró lórí ẹ̀ka. Àmọ̀kẹ́, arúgbó tó ń wú ẹ̀pà nísàlẹ̀ igi, ló ju òkò lé ẹyẹ náà lọ.

Ọ̀bọ sọ̀ kalẹ̀, ó ń sunkún pé ọmọ òun kò fẹ́ òun.

Àmọ̀kẹ́ ní, "Ó fẹ́ ọ. Ẹ̀rù rẹ ló ń bà á."

"Ìyá, ẹ̀rù ń ba èmi náà."

"Mo mọ̀. Fi ẹnu sọ fún un, má fi eyín sọ ọ́ mọ́."

Láti ìgbà náà, bí ewé bá mì, Ọ̀bọ á jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ kó má baà gbá ọmọ náà mú, á ní, "Èmi ni ẹ̀rù ń bà. Ìwọ kò ṣẹ̀ mí." Ó máa ń gbàgbé nígbà mìíràn, á bù ú jẹ, á sì bẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é títí ẹ̀ẹ̀rùn fi kọjá.

Nígbà tí òjò dé, àrá sán. Málọmọ́ sá dé àárín ọ̀nà, ó dúró. Ọ̀bọ kò fà á. Ó tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, ó ń wò ó. Ọmọ náà wojú rẹ̀ pẹ́, lẹ́yìn náà ó fò mọ́ ọn láyà.

"Kò bù ú jẹ?"

Kò bù ú jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pọn àbúrò, ẹ gbọ́: ọwọ́ tí ọmọ ń sá tọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ọwọ́ tí ọmọ ń sá fún.

Àlọ́ mi ti sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, ó ti dé orí ẹní. Bí mo bá parọ́, kí ohùn mi há kí ilẹ̀ tó mọ́.