Obìnrin Tó Ń Pe Gbogbo Ayé Wá Jẹun

Jẹ́ kí n bi ọ́ ná, arábìnrin mi: nígbà tí o sọ fún ìyá tí o pàdé lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú pé, "Màmá, màá yọjú sí yín lọ́sẹ̀ yìí," ọjọ́ wo gan-an lo ní lọ́kàn? Má tíì dáhùn. Fi í sínú ná, kí o gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Obìnrin kan wà tí ẹnu rẹ̀ dùn. Kò sí ẹni tó máa pàdé tí kò ní kí dáadáa, kò sì sí ẹni tó máa kí tí kò ní pè wá sílé. Bó bá ń jẹun lọ́wọ́ tí o ń kọjá, á ní, "Ẹ wá bá wa jẹun o." Bí ẹ bá fẹ́ pínyà, á ní, "Màá wá kí yín, kí ẹ ṣáà máa retí mi." Kì í ṣe pé ó fẹ́ parọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn, àwọn tó ń sọ ọ́ fún náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ ṣeun, á gba ibi ire," wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Ṣebí bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ó ní ọmọbìnrin kan, Àdùnọlá, ọmọ ọdún márùn-ún. Ọmọ náà ò tíì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí àgbàlagbà máa ń sọ tí kò sí lọ́kàn wọn. Bí ìyá rẹ̀ bá ṣe sọ ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa gbà á.

Ó wá ṣe, ó rẹ obìnrin yìí. Iṣẹ́ ilé ni, iṣẹ́ ìránṣọ ni, ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin ni, ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin ni. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní òun ò rí àrùn kankan lára rẹ̀, pé oorun ni ara rẹ̀ ń wá. Ó sì kọ ọ́ sínú ìwé fún un bí ẹni kọ oògùn: kó lọ sinmi. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé kò lè sinmi nínú ilé tí ìgbálẹ̀ bá wà. Nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé gba ìsinmi ráńpẹ́, ó gba yàrá fún ìyá àti ọmọ ní òtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú wọn, láti Ọjọ́bọ̀ títí di agogo méjìlá ọ̀sán Sátidé. Òun fúnra rẹ̀ kò lè tẹ̀ lé wọn, iṣẹ́ kò jẹ́.

Àwọn ará àdúgbò rí báàgì. Wọ́n ní, "Ìyá Àdùn, ọ̀nà jíjìn ni?"

Obìnrin náà ní, "Ó jìn díẹ̀." Ó ń tijú láti sọ pé ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ni.

Kí wọ́n tó lọ, ọkọ rẹ̀ ti fi àwòrán òtẹ́ẹ̀lì náà hàn wọ́n lórí fóònù. Kò sí ohun tí Àdùnọlá rí níbẹ̀ ju omi ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà nínú ọgbà.

"Mọ́mì, ṣé ẹ máa bá mi wọ inú omi búlúù yìí?"

"Màá bá ẹ wọ̀ ọ́."

"Ẹ̀yin fúnra yín?"

"Èmi fúnra mi. Mo ṣèlérí fún ẹ."

Bẹ́ẹ̀, obìnrin náà ò wọ omi tó kọjá orúnkún rí láyé rẹ̀. Irun tó dì kò sì tíì pé ọjọ́ mẹ́ta.

Wọ́n dé òtẹ́ẹ̀lì. Obìnrin náà gbé kúlà ńlá kan dání, tó kún fún mọ́ínmọ́ín, nítorí kò fọkàn tán oúnjẹ tí òun kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sè é. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló kọ́kọ́ kí. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́ínmọ́ín ń bẹ o, ẹ wá bá wa jẹun." Ẹ̀ṣọ́ ní á gba ibi ire. Ó rí bàbá kan tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ka ìwé ìròyìn lábẹ́ igi. "Ẹ kú ìgbádùn, sà. Ẹ máa yọjú sí wa o, ilẹ̀kùn kejì lápá òsì." Ìyá àgbà kan jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn kìíní. "Màmá, ẹ kú ìjókòó o. A ó jọ jẹun o." Ó kí obìnrin tó ń tún yàrá ṣe náà, ó ní kí ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa bọ̀. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ibùsùn tó wà níbẹ̀ fẹ̀ tó fi jẹ́ pé ẹgbẹ́ akọrin lè dúró lórí rẹ̀, àwọn olóhùn òkè àti olóhùn ìsàlẹ̀. Ó dùbúlẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ dún kọ́. Ó ní, "Olúwa, ẹ ṣeun."

Àdùnọlá ti bọ́ra, ó ku pátá àti síńgílẹ́ẹ̀tì. "Mọ́mì, omi."

"Tó bá yá. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ na ẹ̀yìn."

Ọmọ náà dúró díẹ̀. Ó wo kúlà, ó wo ilẹ̀kùn. "Mọ́mì, ṣé kí n lọ pe àwọn àlejò wa?"

Oorun ti ń gbé ìyá lọ. Ó ní, "Hùn-ún."

Kò pẹ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Obìnrin náà fò dìde, ó fa ìró mọ́ àyà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló dúró níbẹ̀, ó ti ṣí fìlà, ó ti fọ ọwọ́. Àdùnọlá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jíṣẹ́ pé.

"Màmá, ọmọ yín ní oúnjẹ ti tutù tán, pé èmi lẹ ń dúró dè."

Kí ni obìnrin náà máa wí? Ó ní, "Ẹ wọlé, sà." Ẹ̀ṣọ́ jẹ mọ́ínmọ́ín méjì, ó gbàdúrà fún un, ó gbàdúrà fún ọkọ rẹ̀, ó gbàdúrà fún kúlà. Kò tíì kúrò nígbà tí ọ̀gá iléèwé wọlé pẹ̀lú ìwé ìròyìn rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun pẹ́. Ó jẹun tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn gbogbo iléèwé tí wọ́n ti gbé òun lọ, láti orí èkíní. Nígbà tó fi máa dé iléèwé kẹfà, òòrùn ti wọ̀, wọ́n sì ti ti ọgbà omi pa.

Àdùnọlá ní, "Mọ́mì, omi ńkọ́?"

"Ọ̀la ni."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà ló wá. Àdùnọlá dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n rọra ń bọ̀ bíi tọkọtaya. Ìyá àgbà jókòó, ó mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Ọjọ́ kẹrin mi rèé níbí. Àwọn ọmọ mi ló ní kí n wá máa gbádùn, pé àwọn ń bọ̀ wá wò mí. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń sọ pé, 'Màmá, a máa yọjú o.' Mo máa ń gbé àga sẹ́nu ilẹ̀kùn dè wọ́n. Ọmọ yìí nìkan ló padà wá."

Ọ̀rọ̀ náà gún obìnrin náà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé oúnjẹ fún un, kò sì rò ó jìnnà. Ìyá àgbà jẹun, ó yìn ín. Ó ní, "Jẹ́ kí n kan gbé ẹsẹ̀ lé bẹ́ẹ̀dì yìí." Ẹsẹ̀ kan di méjì, méjì di gbogbo ara. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ó ti ń hanrun. Ó sùn láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà sì jókòó sórí àga onígi, ó ń wò ó. Oorun tí dókítà kọ fún un, ìyá àgbà bá a lo gbogbo rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ pè. "Ìyàwó mi, ṣé ò ń sinmi?"

Obìnrin náà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kó má baà jí àlejò. "Mò ń sinmi gan-an ni."

Àdùnọlá fà á láṣọ. "Mọ́mì, ṣé ká lọ sínú omi báyìí?"

"Ṣé ká fi àlejò sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ni? Lọ́la, kí a tó lọ. Lọ́la dandan."

Sátidé mọ́. Obìnrin tó ń tún yàrá ṣe kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní, "Ẹ máà bínú, a ò tètè ráyè ni." Nígbà tí wọ́n fi máa dúpẹ́ tán, kò sí nǹkan kan nínú kúlà ju ewé lọ. Agogo mọ́kànlá ti lù. Ọkọ rẹ̀ ti pè pé òun ti wà lọ́nà.

Sùúrù obìnrin náà tán. Ó fa ọmọ rẹ̀ sítòsí.

"Àdùn, ta ló rán ẹ pé kí o máa lọ kó èèyàn wá?"

"Ẹ̀yin ni, Mọ́mì."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ sọ fún bàbá géètì pé kí wọ́n wá jẹun. Ẹ sọ fún màmá àgbà pé a ó jọ jẹun. Ẹ sọ fún—"

"Mo gbọ́! Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Kì í ṣe pé kí wọ́n wá. Mo máa sọ pé ẹ wá jẹun, àwọn náà á sọ pé á gba ibi ire. Ó parí."

Ọmọ náà rò ó. "Ṣé irọ́ ni?"

"Olúwa má jẹ̀ẹ́! Kì í ṣe irọ́. Ẹnu lásán ni."

Àdùnọlá gbójú sókè. Ó wo ìyá rẹ̀ lójú, kò sunkún, kò sì bínú. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

"Mọ́mì, ti omi búlúù ńkọ́? Ṣé ẹnu lásán nìyẹn náà?"

Obìnrin náà la ẹnu. Ẹnu tó ti kí gbogbo òtẹ́ẹ̀lì láàárín ọjọ́ mẹ́ta tún fẹ́ dáhùn kíákíá. Ó wá rí i pé bí òun bá ní "tó bá yá" lẹ́ẹ̀kan sí i, ọmọ náà á gbà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, bí òun bá sọ ohunkóhun, bó jẹ́ ìlérí, bó jẹ́ ìkìlọ̀, bó jẹ́ "mo fẹ́ràn rẹ", ọmọ náà á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹnu lásán ni.

Arábìnrin mi, ìwọ ni mò ń bá wí. Mi ò ní kí o má kí èèyàn mọ́, mi ò sì ní kí o má pe ẹni tó ń kọjá wá jẹun. Ẹnu dídùn, Ọlọ́run ló fi jíǹkí wa. Ṣùgbọ́n wo etí tí ọ̀rọ̀ rẹ ń bọ́ sí. Ẹgbẹ́ rẹ mọ èyí tó yẹ kó gbà àti èyí tó yẹ kó fi rẹ́rìn-ín. Ọmọ ò mọ̀. Ẹni tó dá wà pàápàá, bó tilẹ̀ mọ̀, ó ṣì máa ń ṣílẹ̀kùn wò. Ìyá tí o ṣèlérí fún lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ó ṣeé ṣe kó ti gbá iwájú ilé dè ọ́. Bí o kò bá ní lọ, kí i dáadáa kí o sì dákẹ́. Bí o bá ti sọ ọ́, dìde.

Obìnrin tí mò ń sọ yìí dìde. Ọkùnrin tó ń tọ́jú omi ní wọn kì í fi ìró wọ ibẹ̀, ó sì yá a ní aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo tó lè wọ̀ ọ́, aṣọ pupa fòò tí wọ́n ya ọ̀pẹ̀yìnbó ńlá sí níkùn. Obìnrin náà fi tówẹ́ẹ̀lì bo ọ̀pẹ̀yìnbó títí ó fi dé etí omi. Ọ̀gá iléèwé gbójú sókè, ó tún yára fi ìwé ìròyìn bojú. Ìyá àgbà gbé àga wá, ó ní òun ò sùn lónìí. Ọkọ obìnrin náà dé, ó gbé báàgì wọn dúró, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Àdùnọlá ti wà nínú omi, níbi tí kò jìn. "Mọ́mì, ṣé ẹ̀rù ń bà yín?"

"Ó ń bà mí."

"Ẹ di ọwọ́ mi mú."

Obìnrin náà ju tówẹ́ẹ̀lì sílẹ̀. Ó sọ ẹsẹ̀ kan sínú omi, ó kígbe "Jésù!" tí ẹ̀ṣọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu géètì. Ó sọ ẹsẹ̀ kejì sí i. Omi mù ún kọjá orúnkún. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó sì bá a wọ̀ ọ́, òun fúnra rẹ̀.