Okùn Tí Òjélàdé Gé

Opó kan wà ní abúlé Agbóde tó ń jẹ́ Àjíun. Oko akèrègbè ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún òun àti ọmọ méjì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń jẹun. Òjélàdé adẹ́mu, àbúrò ọkọ rẹ̀, fẹ́ ṣú u lópó. Àjíun kọ̀. Ẹbí ní bí yóò bá kọ̀, kó wá sọ ohun tí Òjélàdé ṣe tí kò fi ṣe é fẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó fi oko sílẹ̀. Wọ́n fún un di ìgbà tí akèrègbè bá gbó.

Akèrègbè oko yìí kì í ṣàdédé ní ọrùn. Nígbà tí èso bá ṣì kéré bí ẹyin adìẹ, tí awọ rẹ̀ rọ̀ bí àwújẹ ọmọ tuntun, ni Àjíun máa ń fi okùn fún un láàárín. Ibi tí okùn fún kò ní ráyè fẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò máa wú. Bó bá ti le, èèyàn lè tú okùn náà, ọrùn ti dúró nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá ṣe ń fọwọ́ tẹ orí ọmọ tuntun nínú ìwẹ̀.

Òjélàdé bá a níbi tó ti ń so wọ́n.

"Ìyàwó wa, o ti so gbogbo èso oko lọ́rùn. Ó kù kí o so èmi náà."

"Ọkọ mi, ọrùn tiyín ti gbó. Kò gba okùn mọ́."

Ni Òjélàdé bá fa ọ̀bẹ yọ, ó ń gé okùn náà láti ebè dé ebè. Àjíun dì mọ́ ọn lọ́wọ́, ó tì í ṣubú, ẹsẹ̀ obìnrin náà sì rọ́.

"Oko ẹ̀gbọ́n mi ni. Ṣé ìwọ lo bá Ọlọ́run dá akèrègbè ni?"

Kí Àjíun tó lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ padà sóko, èso ti wú roboto, awọ wọn ti le. Ó ká ọ̀kan tí kò ní ọrùn nínú wọn pamọ́.

Nígbà tí ẹbí péjọ, Baba Olúgbòde, olórí ẹbí, ní, "Àjíun, kí ni Òjélàdé ṣe?"

Àjíun yí akèrègbè kan àti okùn sí ẹsẹ̀ Òjélàdé. "Ọkọ mi, ẹ so ó kọ́ èjìká bí ẹ ti ń ṣe bí ẹ bá ń lọ gun ọ̀pẹ."

Ó so ó lókè, okùn yọ̀. Ó so ó nísàlẹ̀, ó yọ̀.

Ìyàwó ilé kan ní, "Ẹ kúkú pọ̀n ọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òjélàdé la akèrègbè náà mọ́lẹ̀, àfọ́kù rẹ̀ sì ba Baba Olúgbòde lójúgun.

"Èmi ni mo gé okùn wọn. Kí ló dé? Bó bá dilé mi, mo máa gé jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Àjíun, dáhùn," ni Baba wí.

"Baba, kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ọkọ mi ti bá mi sọ ọ́ tán."

Baba ń fọwọ́ ra ojúgun. "Òjélàdé, fi obìnrin yìí sílẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni oko. Ìwọ ni yóò máa bọ́ wọn títí akèrègbè mìíràn yóò fi gbó. Ìwọ lo fi ibi tí a ó ti so ọ́ hàn wá, a ò sì ní so ọ́ síbòmíràn."

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni àwọn àgbà gbé lọ sílé, tí wọ́n fi ń pa á lówe dòní pé akèrègbè ló ń júwe ibi tí wọn yóò ti so okùn mọ́ òun lọ́rùn.