Ìṣó Tí Ládépò Kàn fún Àna Rẹ̀

"Ìṣó tí kò wọ igi, afẹ́fẹ́ ló dì mú." Òwe yìí kò ṣàjèjì létí wa. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá?

Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹni gbọ́dọ̀ bá àna rẹ̀ ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gba ìdána lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn a ro oko. Káfíńtà ni Ládépò, Ìbídùn ló sì wù ú, nítorí náà, sílìn, ìyẹn àjà pálọ̀ rẹ̀, ni bàbá Ìbídùn ní kó kàn.

Káfíńtà a máa fi ìka lu bọ́ọ̀dù kó tó gbá ìṣó. Ibi tó bá dún gbòò, òfìfo ni. Ibi tó bá dún kì, igi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ládépò mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n Ìbídùn ń gba pálọ̀ kọjá lọ pọnmi, ọrùn rẹ̀ gùn bí ti lékeléke, ẹ̀rín rẹ̀ sì ń mú kí àkàbà gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ Ládépò. Ojú ń tẹ̀lé ọmọge, òòlù ń dá rìn.

"Bọ̀ọ̀dá Ládépò," ni Ìbídùn wí, "ibẹ̀ yẹn ń dún gbòò."

"Àyà mi lò ń gbọ́ yẹn, olólùfẹ́ mi."

"Ṣé òkè àjà ni àyà yín wà ni?"

Ládépò gbá ìṣó náà wọlé. Ó fi pọ́tì, ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń dí ihò, bo ojú ìṣó, ó kùn ún ní ọ̀dà funfun. Ará àdúgbò wá wò ó, wọ́n kan sáárá sí i.

Ọjọ́ ìdána pé. Bí Ládépò ti dọ̀bálẹ̀, tó ń ṣèlérí pé abẹ́ òrùlé tí kò ní mì lòun yóò gbé Ìbídùn sí, bọ́ọ̀dù kan já lu bàbá ìyàwó, orí bàbá sì yọ sókè láàárín rẹ̀. Bàbá nu eruku kúrò lójú.

"Ládépò, ṣé èyí wà nínú ẹrù ìdána?"

"Rárá, Bàbá."

Bàbá wo ìṣó ara bọ́ọ̀dù náà. Méjìdínlógún ni, ẹyọ kan ṣoṣo ló ní èérún igi lẹ́nu.

"Kí wá ni àwọn tó kù dì mú?"

"Afẹ́fẹ́, Bàbá."

"Ẹ kó iṣu yín padà. Lọ tún un kàn. Tó o bá parí, ìwọ lo máa sùn sábẹ́ rẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi kọjá, kí ọmọ mi tó sùn sábẹ́ ohun tí ọwọ́ rẹ kàn."

Ládépò tú gbogbo rẹ̀, ó tún un kàn. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìbídùn di àkàbà mú, ó tẹ́tí sílẹ̀: kì, kì, kì. Ládépò sùn sábẹ́ rẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀, bọ́ọ̀dù kankan kò mira. Wọ́n gba iṣu, wọ́n fún un níyàwó.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan bá ṣe iṣẹ́ tó dán lójú tí kò ní ìdí, tàbí tó ń fi ẹnu dídùn wá ìyàwó láìfi ìwà tì í, àwọn àgbà kì í bá a jà. Wọ́n á kàn wòkè, wọ́n á sún àga wọn sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n á ní ìṣó tí kò wọ igi, afẹ́fẹ́ ló dì mú.