Ìdí Tí Odò Ọ̀yẹ̀rẹ̀ Fi Ń Rìn Kọ́lọkọ̀lọ

Nígbà láéláé, tí ilẹ̀ kò tíì mọ ibi tí yóò tẹ̀ sí, odò Ọ̀yẹ̀rẹ̀ ń ṣàn tààrà bí okùn tí a nà. Eré ló máa ń sá lọ bá òkun. Kì í kí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Láyé ìgbà náà, òkè ń rìn. Lọ́jọ́ kan, Òkè Agbe rin ìrìn àjò títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó jókòó gbì sójú ọ̀nà odò, ó na ẹsẹ̀, ó sùn.

Ọ̀yẹ̀rẹ̀ sáré dé, ó forí gbá a.

“Bàbá, ẹ dìde!”

“Ó ti rẹ̀ mí,” ni Òkè Agbe wí. “Mi ò dìde mọ́ láé.”

Inú bí Ọ̀yẹ̀rẹ̀. Ó wú, ó wú, títí omi fi wọ ilé Móníkẹ́, àgbẹ̀ obìnrin kan tó ń gbé létí odò pẹ̀lú ìyá rẹ̀ arúgbó. Ìkòkò ọbẹ̀ léfòó. Adìẹ fò gun òrùlé. Àyà Móníkẹ́ já, nítorí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó pọ̀n ọ́n bí ọmọ, ó wọ́ omi jáde.

“Ìyá mi, ẹ dákun, ẹ yà gba ẹ̀gbẹ́ òkè!” ni ó bẹ odò.

“Kí n yà kẹ̀? Kí àwọn odò yòókù lè sọ pé ẹ̀rù òkè ló bà mí?”

Ìyá arúgbó bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọmọ rẹ̀. “Ṣé ẹni tó yà kí ará ilé ni wọ́n ń pè ní ojo? Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń kọjá, ẹ ò kí wa rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà kí wa.”

Ojú ti Ọ̀yẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é wọlé rí. Ó rọra yà sọ́tùn-ún. “Ẹ kú ilé o!”

“Ẹ káàbọ̀ o!” ni Móníkẹ́ dáhùn. Omi sì fà kúrò nínú ilé rẹ̀.

Ni àwọn ará òdìkejì bá pariwo: “Àwa ńkọ́?” Ó yà sósì. Àwọn ẹtu inú igbó náà pè é. Ó tún yà. Kò sì fọwọ́ òfo kí ẹnikẹ́ni: ibi tó bá yà sí, á bu ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá sílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ló tó dé òkun.

“Kí ló dá ọ dúró?” ni òkun bi í.

“Ará ilé ni mò ń kí,” ni Ọ̀yẹ̀rẹ̀ wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀yẹ̀rẹ̀ ti ń rìn kọ́lọkọ̀lọ ní àfonífojì, tí iṣu ibẹ̀ ń ta bí itan ẹṣin, tí Òkè Agbe sì jókòó síbẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá sì fẹ́ pọnmi níbi tí odò ti yà, á kọ́kọ́ dá odò lóhùn pé, “Ẹ káàbọ̀ o!”